Ẹ gbà mí o, sípíkà ọkọ̀ mi ń ké wíìì

Dẹ́rẹ́bà Sienna, Kàbà:
Ọ̀kun gbogbo ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lánàá, mo kó èrò ní gáréèjì Kàbà, mo forí lé Lọ́kọ́jà. A ò tíì dé Ọbàjànà tí màmá kan tó jókòó sẹ́yìn fi ní kí n dúró, òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Mo ní, "Màmá, kí ló dé?" Ó ní ariwo tó ń ti sípíkà mi jáde dà bíi pé wọ́n ń lọ ata nínú agbárí òun. Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo dá ìyókù owó rẹ̀ padà fún un, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lójú mi. Ọkọ̀ tí kò ní rédíò rárá!

Ọwọ́ àna mi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wà ní Ìsánlú, ni mo ti ra áńpù yìí, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rédíò ga, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà. Ó búra fún mi pé kò ní àléébù kankan. Ta ló máa bá àna rẹ̀ fa owó? Ìyàwó mi ti sọ fún mi pé bí mo bá gbé e padà, kí n má padà wálé. Rìwáyà kan wà nílùú yìí tó so ó, mi ò ní dárúkọ, ó ti gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ kò dáa, ẹnu dùn.

Tí mo bá tẹ iná, á gòkè: wíìììì. Tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á wálẹ̀. Ṣé kí n ta áńpù náà ni àbí kí n lọ jù ú sílé àna mi lóru?

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Alternator ni, ẹ̀rọ tó ń ṣájì bátìrì. Ó ti kú. Ẹ ra tòkunbọ̀ míràn. Ó tán.

Bàbá Odò-Ẹ̀rè:
Mo ti ń wakọ̀ lójú ọ̀nà yẹn láti ìgbà tí a ṣì wà ní Kwara, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991. Mi ò so áńpù mọ́ ọkọ̀ rí. Orin tí èrò bá fẹ́ gbọ́, kí wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí ọ̀nà Kàbà sí Ọbàjànà ṣì jẹ́ kòtò ni, ta ló ń gbọ́ orin? Ìró sọ́kì là ń gbọ́. Ní báyìí tí wọ́n ti da kọnkéré sí i, kìlómítà 43 gbáko, ẹ wá sọ ọkọ̀ di ilé ijó. Kí lẹ fẹ́ fi áńpù ṣe?

Dẹ́rẹ́bà Sienna, Kàbà:
Bàbá, ẹ kú àgbà. Ẹ má bínú sí mi, àwọn ọmọ iléèwé gíga ló pọ̀ jù nínú èrò wa, ọkọ̀ tó ń kọrin ni wọ́n ń wọ̀. Owó ni mò ń wá.

Oní-sound Mọ̀pà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀dùn ọkàn yín ti yé wa, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ohun tí a nílò. Níbo lẹ so wáyà ẹ́ẹ̀tì áńpù náà (èyí tó ń gba ara irin ọkọ̀ dá iná padà sí bátìrì) mọ́? Níbo ni wáyà iná gbà dé búùtù, ṣé òun àti wáyà RCA (olórí pupa àti funfun yẹn, tó ń gbé orin láti rédíò lọ sí áńpù) jọ rìn pọ̀ ni? Kí lẹ fi ń kọrin, fóònù ni àbí fláàṣì? Tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ON, ṣé ó ṣì ń ké?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Alternator kì í fúnni ní iná tó tẹ́jú bíi ti bátìrì. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ó ń pèsè. Dáyódù inú rẹ̀ ló ń tì í kó máa gba ojú kan lọ, àmọ́ ìgbì díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù lórí rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára ni ìgbì náà ń yára, ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń gòkè tí ẹ bá tẹ iná. Inú gbogbo ọkọ̀ ni ìgbì yẹn wà. Ohun tó yẹ ká wá ni ibi tí ó gbà wọ inú orin.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Gírámà. Mo ní alternator ni.

Ìyá Ìbejì, Kàbà:
Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ kò parọ́ pátápátá o. Mọ́tò Bàbá Ìbejì ké báyìí lọ́dún tó kọjá. A ra rédíò tuntun, ó ṣì ń ké. A pààrọ̀ sípíkà, kò dákẹ́. Bátìrì wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́jú, iná iwájú ń ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Ọmọkùnrin kan ní Lọ́kọ́jà ló fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ojú ibi tí wọ́n fi ń wọn iná ilé ló yí i sí, ó rí ju fóòtì kan lọ. Ó ní ó yẹ kó kéré sí ìdajì fóòtì. Dáyódù kan ló ti jó nínú alternator. Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni ariwo dákẹ́. Owó tí mo ti tọ́jú fún aṣọ ìgbéyàwó àbúrò mi ló bá a lọ, ẹ má jẹ́ kí n rántí.

Oní-sound Mọ̀pà:
Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀gbọ́n, ṣé iná iwájú yín ń ṣẹ́jú? Ṣé bátìrì ń kú mọ́jú?

Dẹ́rẹ́bà Sienna, Kàbà:
Rárá. Bátìrì mi le bí òkúta. Mo wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ aládùúgbò mi: 12.6 nígbà tí mo paná, 14.1 nígbà tí mo ṣáná. Áńpù ni. Mo ní ẹni tó tà á fún mi ti mọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Tí kì í bá ṣe alternator, ẹ ra capacitor, ẹ so ó mọ́ iná áńpù. Èyí tó tóbi bí agolo mílíìkì. Á dákẹ́ wọ̀ọ̀.

Oní-sound Mọ̀pà:
Àbúrò, capacitor ni wọ́n fi ń ran áńpù lọ́wọ́ nígbà tí báàsì bá ń gbá, kí iná má baà ṣẹ́jú. Kò sí ohun tí yóò ṣe sí ariwo tó gba ẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹ̀yin ló máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn ra nǹkan mẹ́fà kí wọ́n tó tú bóòtù kan.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Ta ni àbúrò yín? Mo ti so áńpù nígbà tí ẹ ṣì ń ta káàdì.

Bàbá Odò-Ẹ̀rè:
Ẹ jà, ẹ jà. Màmá yẹn ṣá ti sọ̀kalẹ̀.

Oní-sound Mọ̀pà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi àna yín sílẹ̀ ná. Ẹ ṣe èyí, kò gba kọ́bọ̀: ẹ pa rédíò, ẹ yọ RCA méjèèjì kúrò lára áńpù, kí ẹ tó ṣáná. Ẹ má yọ wọ́n nígbà tí nǹkan bá ń ṣiṣẹ́ o. Àwọn rédíò kan ní fíúsì tín-ín-rín kan lára ẹ́ẹ̀tì RCA wọn nínú, á jó, ariwo tó máa tẹ̀lé e á ju èyí lọ. Ẹ wá ṣáná, kí ẹ tẹ iná díẹ̀. Tí sípíkà bá dákẹ́, áńpù kò jẹ̀bi. Ohun tó so mọ́ ọn ni ẹ máa wò: rédíò, wáyà, tàbí ohun tí ẹ fi ń kọrin. Tí ó bá ṣì ń ké, ìgbà yẹn ni ká wá sọ̀rọ̀ àna.

Ẹ tún rántí gáínì, bọ́tìnnì ara áńpù tó ń sọ bí yóò ṣe gbé ohùn tó wọlé ga tó. Ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà ń yí i dé òpin nítorí wọ́n rò pé fólúùmù ni. Tí gáínì bá wà lókè, ariwo tó kéré bí èèrà á di erin.

Dẹ́rẹ́bà Sienna, Kàbà:
Mo ṣe é lówùúrọ̀ yìí kí n tó wọ gáréèjì. Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ fíì, bí ìgbà tí a pa iná ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Ìbejì, Kàbà:
Ẹ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ àna yín.

Dẹ́rẹ́bà Sienna, Kàbà:
Mi ò sọ nǹkan kan fún un rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ tọrọ àforíjì?

Oní-sound Mọ̀pà:
Ó dáa. Ẹ ṣì ń sá fún ìbéèrè kan: kí lẹ fi ń kọrin?

Dẹ́rẹ́bà Sienna, Kàbà:
Fóònù ni. Mo fi wáyà aux sí i lára rédíò. Bluetooth ti bàjẹ́ láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀. Bátìrì fóònù náà ti wú, tí mo bá yọ ọ́ kúrò lórí ṣájà, ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ó kú. Torí náà mo kì í yọ ọ́. Ihò sìgá níwájú ni ṣájà náà wà, irú èyí ẹgbẹ̀rún kan náírà tí wọ́n ń tà lójú títì.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Háà.

Oní-sound Mọ̀pà:
Háà ni lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ wo lẹ ti mọ èyí tí ẹ ò sọ? Fóònù tí ẹ so mọ́ ṣájà ọkọ̀ tí ẹ tún so mọ́ rédíò pẹ̀lú wáyà, ó ti fọwọ́ kan ẹ́ẹ̀tì lọ́nà méjì. Ẹ̀gbẹ́ kan gba ṣájà, ẹ̀gbẹ́ kejì gba aux. Iná tó yẹ kó gba ara irin ọkọ̀ padà sí bátìrì ti rí ọ̀nà àbùjá lára wáyà orin. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú tún máa ń fi ìró tirẹ̀ kún un. Ẹ yọ ṣájà, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn gbọ́ orin.

Ẹ sì pààrọ̀ bátìrì fóònù tó wú yẹn lónìí, ẹ dákun. Ó lè gbiná, àti pé ẹ ń kó èrò.

Dẹ́rẹ́bà Sienna, Kàbà:
Mo yọ ọ́. Ó lọ. Èyí tó ṣẹ́kù kéré, bí ìró ẹ̀fọn ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ orin bo ó mọ́lẹ̀. Tí orin bá dúró ni mò ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó ṣì wà, ó sì ṣì ń gòkè tí mo bá tẹ iná. Ẹ wò ó, rìwáyà yẹn ló ṣe mí báyìí. Kò so ẹ́ẹ̀tì dáadáa.

Rìwáyà Òkè-Ọjà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo ní kí n má sọ nǹkan. Èmi ni rìwáyà tí ẹ ò dárúkọ. Ẹ jẹ́ kí n bi yín níwájú gbogbo èèyàn. Nígbà tí mo so áńpù yẹn, mo gbé ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ búùtù lápá ọ̀tún. Mo fi sánpépà họ ọ̀dà kúrò títí irin fi ń dán bí ṣíbí tuntun, mo wá fi bóòtù onísípánà 13 dè é. Ẹ̀yin gan-an lẹ di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi. Ọjọ́ yẹn, ṣé ó ké?

Ìyá Ìbejì, Kàbà:
Dẹ́rẹ́bà, ẹ dáhùn.

Dẹ́rẹ́bà Sienna, Kàbà:
Kò ké lọ́jọ́ yẹn. Ó tó oṣù kan kó tó bẹ̀rẹ̀.

Oní-sound Mọ̀pà:
Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan?

Dẹ́rẹ́bà Sienna, Kàbà:
Iṣu tuntun jáde ni. Ẹ mọ̀ bí ẹrù ṣe máa ń rí nígbà yẹn. Àpò gààrí, iṣu, kẹ́ẹ̀gì epo, gbogbo rẹ̀ nínú búùtù. Wọ́n ń fa wáyà yẹn, ó jábọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kàn sún un síwájú díẹ̀.

Rìwáyà Òkè-Ọjà:
Síwájú ibo?

Dẹ́rẹ́bà Sienna, Kàbà:
Bóòtù ìjókòó ẹ̀yìn. Mo tú bóòtù náà, mo ti wáyà bọ abẹ́ rẹ̀, mo dè é padà. Ó le dáadáa, èèyàn ò lè fà á yọ.

Rìwáyà Òkè-Ọjà:
Ṣé ẹ họ ọ̀dà?

Dẹ́rẹ́bà Sienna, Kàbà:
Ọkọ̀ mi ni, mi ò fẹ́ kí ó dípẹtà.

Oní-sound Mọ̀pà:
Ọ̀dà kì í gbé iná, ẹ̀gbọ́n. Bóòtù yẹn ní ọ̀dà, ó ní gọ́ọ̀mù kápẹ́ẹ̀tì, bóyá àwọn eyín bóòtù nìkan ló ń fara kan irin. Ẹ́ẹ̀tì tó ń gba ibi tóóró bẹ́ẹ̀, áńpù á máa wá ọ̀nà míràn, ara RCA ló sì máa gbà. Ohun kan náà tí fóònù ṣe níwájú ni ìyẹn ń ṣe lẹ́yìn.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Mo gbà pé kì í ṣe alternator. Lọ́tẹ̀ yìí.

Rìwáyà Òkè-Ọjà:
Ẹ tún mú ọ̀rọ̀ yìí kúrò: lẹ́ẹ̀mejì ni mo gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ìgbà kẹta, ẹ ní ẹ ń bọ̀ láti ATM. Ìyẹn ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì tí mo gbà á náà, ẹ ní kí n wo sípíkà. Mo bi yín bóyá ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ní rárá.

Bàbá Odò-Ẹ̀rè:
Dẹ́rẹ́bà, àwa tá a dàgbà, a máa ń bẹ̀bẹ̀ níbi tí a ti bú èèyàn. Níbí lẹ ti bú u.

Dẹ́rẹ́bà Sienna, Kàbà:
Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹrù ló fà á. Ẹ wò ó, màmá yẹn ló mú inú bí mi.

Rìwáyà Òkè-Ọjà:
Mo ti gbọ́. Ẹ gbé e wá. Mo máa dá ẹ́ẹ̀tì padà síbi tó wà, màá fi ike bo wáyà náà mọ́lẹ̀ kí àpò gààrí má baà fà á mọ́. Ẹ mú owó ìkẹta dání.

Ìyá Ìbejì, Kàbà:
Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta bátìrì fóònù tó dáa ní Kàbà, ẹ sọ fún mi náà, tèmi ti ń wú.

Dẹ́rẹ́bà Sienna, Kàbà:
Ọ̀gá, mo ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yín láti aago mẹ́jọ. Ẹ ti ìlẹ̀kùn. Ṣé ẹ ò ní wá lónìí ni?

Rìwáyà Òkè-Ọjà:
Oko ni mo wà, mo wa iṣu. Ẹ wá gbé mi, ṣùgbọ́n ẹ pa rédíò.