Kí ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ń rí gbà ní startup tí kò lè rí ní ilé-iṣẹ́ ńlá?

Àbẹ̀kẹ́ Ṣàgámù

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Oṣù tó kọjá ni mo parí ètò àgùnbánirọ̀, Statistics ni mo sì kà ní yunifásítì. Iṣẹ́ méjì ló wà níwájú mi báyìí. Ọ̀kan wà ní báńkì ńlá kan, níbi tí wọn yóò ti kọ́kọ́ kó wa sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó pín wa sí ẹ̀ka. Èkejì wà ní startup kan, ìyẹn ilé-iṣẹ́ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ní Yábàá, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án lọ, tí wọ́n ń ṣe áàpù tí àwọn tó ń ta ajílẹ̀ àti irúgbìn fi ń ṣàkọsílẹ̀ ọjà tí wọ́n tà láwìn. Owó oṣù báńkì fi díẹ̀ ju ti èkejì lọ, ṣùgbọ́n àwọn ti Yábàá ní àwọn yóò fún mi ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà.

Bàbá mi ní ilé-iṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í ṣe ibi tí ọmọ tó kàwé ń lọ. N kò béèrè èyí tí yóò tètè sọ mí di olówó. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ènìyàn ń rí kọ́ gan-an ní irú ibi bẹ́ẹ̀, àti bóyá ohun náà wúlò fún ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ níbikíbi rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n gbàdúrà sí i. Mo ti ń gbà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Àbúrò mi, o kú oríire. Ẹni tí iṣẹ́ méjì ń dù ní àsìkò yìí kò wọ́pọ̀.

Mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá, mo sì ti ṣe ní startup méjì, tí ọ̀kan nínú wọn ti kógbá wọlé. Lójú tèmi, àǹfààní tó ju gbogbo ìyókù lọ ni pé o kò ní jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń pinnu nǹkan, o kò sì ní jìnnà sí oníbàárà. Ní báńkì, wọ́n lè fi ọ́ sí ẹ̀ka tó ń yẹ ìwé àwọn tó fẹ́ ṣí àkáǹtì wò. Wàá mọ iṣẹ́ yẹn dunjú, ṣùgbọ́n o lè lo ọdún méjì níbẹ̀ láìmọ ìdí tí báńkì náà fi dẹ́kun yíyá àwọn àgbẹ̀ lówó, nítorí pé ibi tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà ga ju ibi tí ìwọ jókòó sí lọ. Ní ilé-iṣẹ́ ẹni mẹ́sàn-án, kò ní pẹ́ tí wàá fi bá ara rẹ ní ìpàdé tí wọ́n ti ń wádìí ìdí tí àwọn oníṣòwò ajílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi gba áàpù náà tọwọ́tẹsẹ̀, tí wọn kò sì ṣí i mọ́ lẹ́yìn oṣù kan. Ìwọ tí o ka Statistics ni gbogbo wọn yóò kọjú sí. Wàá wo àkọsílẹ̀, wàá pe àwọn oníṣòwò náà lórí fóònù, ó sì ṣeé ṣe kí o wọ ọkọ̀ lọ bá wọn ní ìsọ̀. Nígbà náà ni wàá rí i pé oníbàárà kan tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ pé kò lo áàpù mọ́ jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tí ọmọ tó ń bá a tẹ fóònù ti wọlé padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, o kò ní ka àkọsílẹ̀ bí o ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀. Èyí ṣòro láti kọ́ ènìyàn nínú kíláàsì.

Láti ibẹ̀ ni o ti máa ń ní iṣẹ́ tí o lè nawọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó dá PiggyVest, áàpù ìfowópamọ́, sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ètò ìwáṣẹ́ nígbà tí wọ́n rí i lórí Twitter, ní ìparí ọdún 2015, pé obìnrin kan ń fi 1,000 náírà sínú kóló onígi lójoojúmọ́ títí ọdún fi parí. Nígbà tí ó fi máa di 2016, wọ́n ti gbé kóló orí íntánẹ́ẹ̀tì jáde, tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní Piggybank.ng kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2019. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, irú èrò bẹ́ẹ̀ ì bá gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ mélòó kan kọjá, ẹni tó mú un wá ì bá sì má mọ ibi tí wọ́n gbé e gbà. Mi ò sọ pé gbogbo èrò ló ń di PiggyVest o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò rí bí wọ́n ṣe ń gbé e, títí kan ibi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ènìyàn tí o máa mọ̀ náà kò kéré. Iyinoluwa Aboyeji wà lára àwọn tó dá Andela, ilé-iṣẹ́ tó ń wá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, sílẹ̀ ní 2014, ọdún méjì lẹ́yìn náà ó tún wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ Flutterwave, ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń lọ ní Yábàá àti káàkiri Èkó: àwọn tó jọ ṣiṣẹ́ nígbà tí owó kò tíì sí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pe ara wọn nígbà tí iṣẹ́ mìíràn bá yọjú.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí gbogbo èyí dúró lé lórí, òun náà sì ni ẹni tí yóò máa yẹ iṣẹ́ rẹ wò. Bí ó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni o mọ ìṣirò níbẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò sọ fún ọ pé ohun tí o ṣe kò tọ́, ìgboyà rẹ yóò sì máa dàgbà ju ìmọ̀ rẹ lọ. Mo ti rí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀: ọdún mẹ́ta níbi iṣẹ́, oyè gbàǹgbà lórí LinkedIn, kò sì lè ṣàlàyé iṣẹ́ ara rẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Béèrè lọ́wọ́ wọn pé, ta ni yóò máa ka iṣẹ́ mi kí ó tó jáde? Bí wọn kò bá lè dárúkọ ẹnì kan, lọ sí báńkì.

Bàbá Ìbejì, Bódìjà

Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, nítorí náà ìhà tí mo wà kò fara sin. Òótọ́ ni ohun tí Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó sọ, ṣùgbọ́n ó sáré kọjá lórí ohun tí báńkì ń kọ́ ọmọ. Báńkì ń kọ́ ọ ní ìdí tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ kọ ìwé, tí ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi irú ètò yìí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọjọ́ tí owó bá sọnù ní ilé-iṣẹ́ wọn tí kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀nà tí ó gbà jáde. Ẹni tó ti mọ bí ètò ṣe ń rí ló lè dá a sílẹ̀ níbi tí kò sí.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ wo ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 mú un ní dandan fún ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ náà sì máa san ìdá 8. Ilé-iṣẹ́ ẹni mẹ́sàn-án kò sí lábẹ́ dandan yìí. Bí wọ́n bá ń san án, ó dára. Bí wọn kò bá san án, owó oṣù tí wọ́n pè fún ọ kéré ju bí ó ṣe hàn sí ọ lọ.

Kí ẹ má sì gbàgbé pé ilé-iṣẹ́ tó rí owó àwọn olùdókòwò gbà náà ń kú. Ọdún 2019 ni wọ́n dá 54gene sílẹ̀ láti máa ṣe ìwádìí lórí àbùdá ara àwọn ènìyàn Áfíríkà. Owó tí wọ́n kó jọ lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là, síbẹ̀ ní 2023 wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kí ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yóò wí nílé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì yẹn ṣe pàtàkì, ó sì yẹ kí n ti mẹ́nu bà á. Ní ti ilé-iṣẹ́ tó ń kú, ibẹ̀ gan-an ni mo ti rò pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àǹfààní ju àgbà lọ. Nígbà tí èyí tí mo wà tì, àwọn tó ní ìyàwó àti ọmọ láàárín wa ni ìyà náà jẹ jù. Àwọn ọmọ kékeré inú wa ti rí iṣẹ́ mìíràn kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gbé ìwé ìwáṣẹ́ jáde, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe wà nílẹ̀ láti fi han ẹni tó bá béèrè. Ṣùgbọ́n mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ ni ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Àbúrò, bí ó bá jẹ́ ìwọ lò ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àbúrò rẹ, gba ti Bàbá.

Agbẹjọ́rò Òkè-Àdó

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìpín tí wọ́n ṣe ìlérí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń dán jù.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìpín gan-an ni wọ́n ń fún òṣìṣẹ́, bí kò ṣe ẹ̀tọ́ láti ra ìpín lọ́jọ́ iwájú ní iye tí wọ́n ti dá báyìí. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé ọdún mẹ́rin ni ẹ̀tọ́ náà fi ń pé. Bí o bá kúrò kí ọdún kìíní tó pé, o kò ní mú ohunkóhun; bí ọdún kan bá pé, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ di tìrẹ, ìyókù yóò sì máa wọlé díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, 90 ọjọ́ péré ni wọ́n fún ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti fi owó ara rẹ̀ ra ohun tó ti di tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó di ti ilé-iṣẹ́ padà. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ló sì forúkọ ilé-iṣẹ́ àgbà wọn sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà, nítorí náà, mọ èyí tí o ní ìpín nínú rẹ̀: ṣé ti ibẹ̀ ni, àbí èyí tó wà lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà?

Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ìpín 10,000 ni tìrẹ, iye yẹn kò tíì sọ nǹkan kan. Béèrè iye ìpín tó wà lápapọ̀. Nínú mílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Gbogbo ènìyàn ló máa ń dárúkọ Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó Nàìjíríà tí Stripe ti Amẹ́ríkà rà ní 2020 ní iye tí àwọn oníròyìn ní ó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Irú rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí o bá ń fi owó iṣẹ́ méjèèjì wéra, ka ìpín náà sí òfo.

Àbẹ̀kẹ́ Ṣàgámù

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Bàbá. Mo kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ àwọn ti Yábàá. Wọn kò tíì máa san owó ìfẹ̀yìntì. Ní ti ẹni tí yóò máa yẹ iṣẹ́ mi wò, wọ́n dárúkọ obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí àkọsílẹ̀ oníbàárà ní ilé-iṣẹ́ fóònù, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì péré ló ń wá lọ́sẹ̀. Ṣé ọjọ́ méjì tó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ó tó, bí ó bá jẹ́ pé òun àti ìwọ yóò jókòó ti iṣẹ́ náà ní ọjọ́ méjèèjì, tí kì í ṣe pé ìpàdé àwọn olùdásílẹ̀ ni yóò gba gbogbo àkókò rẹ̀. Ní kí wọ́n jẹ́ kí o bá a sọ̀rọ̀ kí o tó fọwọ́ sí ìwé kankan, kí o sì bi í léèrè ohun tí yóò ní kí o ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìdá 10 yẹn kún owó oṣù rẹ. Ó burú tán, wọn yóò ní àwọn kò lè ṣe é. Má tíì kọ̀wé sí báńkì.