“Ohun ìjà olóró” kọ́ ni àga

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Arákùnrin tó ń túmọ̀ ìwé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan láti Amẹ́ríkà ní kí a bá òun wá ọ̀rọ̀. Wọ́n dá ọkùnrin kan lẹ́bi pé ó kọlu ẹnì kejì, adájọ́ sì bu kún ọ̀ràn rẹ̀ nítorí ohun tó fi kọlù ú. Àlékún yẹn ni ọkùnrin náà ń bá jà ní kòtẹ́milọ́rùn. Ọ̀rọ̀ méjì tó ń wá ni “dangerous weapon” àti “enhancement.” Ọ̀pọ̀ yín fara mọ́ “ohun ìjà olóró” fún ti àkọ́kọ́ àti “àfikún ẹ̀wọ̀n” fún ìkejì. Èmi ò gbà.

Ìlànà ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn sọ pé mọ́tò tàbí àga pàápàá wà lára “dangerous weapon,” bí ẹni tó lò ó bá ní i lọ́kàn láti ṣe ènìyàn léṣe. Ta ló ń pe àga ní ohun ìjà olóró? Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ báyẹn, agbẹjọ́rò tó ní “àga lásán ni, Olúwa mi” ti jàre kí àwọn adájọ́ tó jókòó.

Ẹnì kan dábàá “aṣeniléṣe.” Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ “a-” yẹn ń tọ́ka sí olùṣe, àga kì í sì í dìde fúnra rẹ̀. “Àfiṣeniléṣe” ni mo fẹ́, bíi “àfipè” tí àwa onímọ̀ èdè ń lò fún ẹ̀yà ara tí a fi ń pe ìró. Eyín wà fún jíjẹ. Ìgbà tí a bá fi í pe ìró ló di àfipè. Lílò ló ń sọ nǹkan di àfiṣeniléṣe, ohun tí òfin náà sì ń wí gan-an nìyẹn.

Ní ti “àfikún ẹ̀wọ̀n,” kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń fi kún, ìpele ni, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe wúwo tó. Ìkọlù tó burú bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 14. Lílo àfiṣeniléṣe fi 4 lé e, ó di 18. Fún ẹni tí kò rú òfin rí, ẹ̀wọ̀n tí ìlànà náà ń dábàá kúrò ní oṣù 15 sí 21, ó di oṣù 27 sí 33. Láti 2005, tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ wọn ti sọ ìlànà náà di ìmọ̀ràn, adájọ́ lè gba ìpele 18 kó sì dá ẹ̀wọ̀n tó kéré sí i. Ẹ̀wọ̀n wo wá ni a fi kún? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ “àlékún ìpele ẹ̀ṣẹ̀.” (Kòtẹ́milọ́rùn ní tirẹ̀, odindi gbólóhùn tó di orúkọ, ẹ má fọwọ́ kàn án.)

Ibi tí mo ṣì ń rò ni èyí: bí ẹni náà kò bá lò ó, tó kàn gbé e hàn láti dẹ́rù bani, 3 ni wọ́n ń fi kún un dípò 4. “Yíyọ síni” bá ọ̀bẹ mu, àmọ́ a kì í yọ mọ́tò síni. “Fífi halẹ̀” ni mo ní lọ́wọ́ báyìí. Ẹni tó bá ní èyí tó jù ú lọ, kó gbé e wá.