Wọ́n ní kí n ya Brian Lara: ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Birmingham
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Bàbá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Trinidad, fẹ́ kí n ya Brian Lara, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì, fún òun. Bàbá yìí wà ní pápá Edgbaston níbí ní oṣù kẹfà ọdún 1994, lọ́jọ́ tí Lara kó run (àmì ayò) 501 jọ fún ẹgbẹ́ Warwickshire, tí àwọn Durham tí wọ́n jọ ń gbá kò rí i lé kúrò lórí pápá. Títí dòní, ẹnikẹ́ni kò tíì kó tó bẹ́ẹ̀ nínú kíríkẹ́ẹ̀tì first-class, ìyẹn eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ ti àwọn àgbà ẹgbẹ́. Ọ̀dà olóróró ló fẹ́, lórí kánfáàsì ńlá. Mo ti ń ya ojú èèyàn bọ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ojú tí gbogbo ọmọ Caribbean mọ̀ yìí ń kọ mí lóminú. Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé mo lè mú ọ̀kan níbẹ̀ kí n yà á? Báwo sì ni kí n ṣe gbowó?

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, Manchester
Àbúrò, o kú oríire iṣẹ́. Má mú fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì o! Ẹni tó ya fọ́tò ló sábà máa ń ni ín, òfin ọdún 1988 nílẹ̀ yìí sì dáàbò bò ó títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Pé o fi ọ̀dà tún un yà kò sọ ọ́ di tìrẹ. Kọ̀wé sí ẹni tó yà á tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń tà á, sọ pé kánfáàsì kan ṣoṣo ni, kí wọ́n dá iye lé e, kí àṣẹ wọn sì wà lórí ìwé. Kó o tó ṣe ìyẹn, bi bàbá yẹn bóyá òun fúnra rẹ̀ gbé kámẹ́rà lọ lọ́jọ́ náà.

Copyright (ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀dà) àwòrán tìwọ náà wà lọ́wọ́ rẹ bí bàbá bá tilẹ̀ ti sanwó, àfi tí o bá buwọ́ lùwé pé o ti gbé e fún un. Ẹ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ bóyá ó lè tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì tàbí aṣọ.

Arábìnrin Houston
Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa níbí náà nìyẹn. Ní 2023, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá fọtógíráfà Lynn Goldsmith láre lórí àwòrán olórin Prince tí gbajúmọ̀ ayàwòrán Andy Warhol yà láti inú fọ́tò tí Goldsmith yà, tí àjọ Warhol wá yá ìwé ìròyìn kan lò. Orúkọ ńlá kò gbà wọ́n sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, London
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dé orí owó, físà wo lẹ fi wà níbí? Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò fàyè gba iṣẹ́ àdáni rárá, bó ti wù kó kéré tó. Físà Graduate, ti ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, gbà á. Tí owó tó wọlé fún yín látinú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti ju £1,000 lọ nínú ọdún owó-orí kan, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, àjọ owó-orí ilẹ̀ yìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Birmingham
Graduate ni, mà. Ẹ ṣeun gan-an.

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, Manchester
Ó dáa. Gba ìdajì owó sílẹ̀, fi èédú ya bó ṣe máa rí, kí bàbá wò ó, kó fọwọ́ sí i, kó o tó tú ọ̀dà.

Wàyí o, ibi tí iṣẹ́ wà gan-an. Ọwọ́ òsì ni Lara fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ló máa ń kọjú sí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ọ̀tún ló wà lókè lórí báàtì, òsì wà nísàlẹ̀. Àwọn kan máa ń yí fọ́tò sódì, nítorí náà wo lẹ́tà ara aṣọ dáadáa. Kí bọ́ọ̀lù tó dé, á ti gbé báàtì sókè gan-an lẹ́yìn rẹ̀, orúnkún á sì tẹ̀. Ìdúró yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n tó rí ojú. Bí o bá yà á ní òòró gangan, tó kàn di báàtì mú, ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́. Òfin eré náà kò sì jẹ́ kí báàtì gùn ju 96.5 cm lọ tàbí kó fẹ̀ ju 10.8 cm lọ. Fi báàtì náà wọn orí àti apá.

Mọ ọjọ́ tí ò ń yà. Aṣọ Warwickshire ló wọ̀ fún 501. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, tó kó 375 ní Antigua, West Indies, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn ilẹ̀ Caribbean, ló ń gbá fún. Ní 2004, tó kó 400 níbẹ̀, ó ti lé ní 34 ọdún. Ojú ọmọ ọdún 25 ni bàbá yìí ń wá. Àwọn tó mọ eré yẹn á rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí o bá pa wọ́n pọ̀.

Ní ti awọ ara, má fi dúdú lásán ṣe òjìji. Po ọ̀dà burnt umber (àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú) mọ́ ultramarine (búlúù), kó o fi burnt sienna (àwọ̀ ilẹ̀ pupa) síbi tí oòrùn ti mú un. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kọ lórí iwájú orí, àwọ̀ ojú ọ̀run ló wà níbẹ̀. Bí o bá kàn da funfun sí i, awọ á hó bí ara tí ọyẹ́ mú. Aṣọ funfun náà kì í funfun tán: koríko ń ju àwọ̀ ewé sára páàdì ẹsẹ̀, ẹ̀wù sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n.

Má sì jẹ́ kó kọ ọ́ lóminú. Àìná Onábólú, ará Ìjẹ̀bú-Òde, ti ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906 kó tó kàwé àwòrán rárá. St John's Wood ní London ló wá kọ́ ọ sí ní 1920, àdúgbò tí pápá Lord's wà, níbi tí wọ́n ti ń gbé àwòrán àwọn àgbà kíríkẹ́ẹ̀tì kọ́. Inú mi dùn gan-an pé ọmọ wa ni wọ́n gbé irú iṣẹ́ yìí fún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Birmingham
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Bàbá ya fọ́tò mẹ́ta lórí ìjókòó rẹ̀ lọ́jọ́ náà! Ojú kò hàn, ṣùgbọ́n ìdúró yẹn wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ti kọ̀wé sí fọtógíráfà kan nípa ti ojú. Ọjọ́ ìbí bàbá nínú oṣù Kejìlá ló fẹ́ gba àwòrán náà. Ṣé á ti gbẹ?

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, Manchester
Òkè rẹ̀ lè gbẹ, inú lè má gbẹ. Tín-ín-rín ni kó o fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ ṣe, kí èyí tó lóróró wà lókè. Jẹ́ kó gbé e lọ láìkun fánìṣì, kó o padà lọ kùn ún lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà. Má fi ọ̀rá wé e nígbà tó o bá ń gbé e lọ. Fi páálí sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí nǹkan kan má kan ojú rẹ̀.