Kíkorò ni pilsner, kì í ṣe kíkan

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o.

Ẹnìkan nínú wa fi ìtumọ̀ Yorùbá ìwé tí àwọn tó ń tọ́ bíà wò fi ń fún bíà pilsner ti Jámánì ní máàkì ránṣẹ́ lánàá, ó sì pe bíà náà ní "ọtí kíkan". Ó dùn mí. Ẹ ṣí Mátíù 27:48. Kí ni wọ́n tẹ kànìnkànìn bọ̀ kí wọ́n tó nà án sí Jésù? Ṣé bíà ni? Fínígà ni Bíbélì ń pè ní ọtí kíkan níbẹ̀.

Ó ní ẹmu kíkan ni àwọn àgbà ń fẹ́. Òótọ́ ni. Bàbá àgbà wa kì í fẹnu kan ẹmu òwúrọ̀, wọ́n á gbé agbè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí oòrùn á fi rọ̀, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní, "Ó ti kan wàyí." Àkókò ló ń mú ẹmu kan. Òdòdó hópù, ìtàkùn kan tí òdòdó rẹ̀ korò, tí wọ́n sè mọ́ omi ọkà báálì, kí ìwúkàrà tó wọ̀ ọ́, ló mú pilsner korò. Bí pilsner bá kan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, máàkì rẹ̀ á sì wálẹ̀.

Ẹ bu Jever, pilsner ti ìlú Jever ní Friesland ní Jámánì, sí ife. Ó mọ́ gaara, ó ń hó funfun lókè. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi kan ẹnu, adùn ọkà ni, bí èèpo búrẹ́dì. Ẹ gbé e mì: ìkorò á dìde láti ìdí ahọ́n, kò ní tètè lọ, ọ̀fun á sì gbẹ. Ẹni tó ti jẹ orógbó rí mọ ohun tí mò ń wí. Josef Groll, ará Bavaria, ló kọ́kọ́ pọn pilsner, ní ìlú Plzeň tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, lọ́dún 1842. Àwọn ará Jámánì ló wá sọ tiwọn di gbígbẹ báyìí. Ta ló máa fi "kan" sọ èyí?

"Ewé-ìkorò" tó pe hópù náà kò tọ̀nà. Òdòdó ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ewé. Ẹ jẹ́ ká pè é ní hópù.

Ti "adájọ́-ọtí" tó pe ẹni tó ń tọ́ bíà wò ńkọ́? Èèyàn là ń dá lẹ́jọ́. Atọ́tíwò ni mo fara mọ́. Ọ̀gá wa tó ní "atọ́wò" ti tó, ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ gbé ọtí sí?