Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: láíbìrì ò tíì kó ìwé kọ́ọ̀sì mi sí Reserve

Ìyá Tọ́lá: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ìpele kejì nípa àwọn ogun ilẹ̀ Yorùbá, ní yunifásítì kan ní Ìbàdàn níbí. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti kọ lẹ́tà sí láíbìrì pé kí wọ́n kó ìwé mẹ́fà sí Reserve, ibi tí wọ́n ń kó ìwé tí ẹnikẹ́ni ò lè yá lọ sílé sí, kí àwọn ọmọ máa kà á níbẹ̀ fún wákàtí méjì méjì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ọ̀gá lọ sípàdé. Lẹ́ẹ̀kejì, iná ò sí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọkùnrin kan tí kò ju àkọ́bí mi lọ jókòó, kò kí mi, ó kàn na fọ́ọ̀mù sí mi pé kí n lọ kọ ọ́ tuntun. Òjò pa mí dé Òjòó lọ́jọ́ náà, kò sí takisí máíkírà kankan ní géètì. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé kí n fẹjọ́ wọn sùn lókè ni?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Nígbà tí mò ń ṣe másítà, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ìwé tí olùkọ́ wa ní ká kà. Aago méje àárọ̀ la ti ń tò síwájú ilẹ̀kùn. Nígbà tó fi kàn mí, wọ́n ti fa gbogbo orí kẹrin ya lọ.

Bàbá Ìwé: Iṣẹ́ láíbìrì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Mà, lẹ́tà nìkan ò tó. Wọ́n nílò orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún ìtẹ̀jáde, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé àti iye ọmọ. Ẹnì kan ní láti wá ìwé kọ̀ọ̀kan lórí pẹpẹ, kó sì yí àkọsílẹ̀ rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà yá a lọ sílé. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti dé ọwọ́ wọn. Ọmọ mélòó ni? Ẹ̀dà mélòó?

Ìyá Tọ́lá: Ọmọ 140. Mo ti kọ fọ́ọ̀mù yẹn o, ẹ má rò pé mi ò kọ ọ́. Ọ̀nà tí ọmọkùnrin yẹn gbà fún mi ní fọ́ọ̀mù ló dùn mí.

Ajé Wọlé: Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí Àgbowó, kí wọ́n fọ́tókọ́pì ẹ̀, kí wọ́n dì í, kí kálukú rà á. Ó parí.

Àǹtí Bódìjà: Ẹ̀yin lẹ ń ba àwọn ọmọ yìí jẹ́! Àbúrò mi ra àǹdáòtù mẹ́rin ní sáà kan, kò sì ṣí méjì nínú wọn.

Ajé Wọlé: Ṣé èmi ni mo ta àǹdáòtù fún un ni?

Bàbá Ìwé: Ẹ jọ̀ọ́. A kì í fọ́tókọ́pì odindi ìwé tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ bá wà nínú mẹ́fà yẹn, ìyẹn yàtọ̀. Ó kú ní 1901, ìwé tó kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un kọ, ó sì jáde ní 1921. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti ọdún 2022 fún òǹkọ̀wé ní ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èyí ti kọjá tipẹ́. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá Tọ́lá: Ó wà níbẹ̀, ẹ ṣé gan-an sà. Kí n má purọ́, mẹ́rin ti wà lórí Reserve láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Méjì tó kù ni wọ́n ní àwọn ò rí lórí pẹpẹ.

Bàbá Ìwé: Ta ló yá a?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Mà, ẹ ò tíì dá bàbá lóhùn.

Ìyá Tọ́lá: Ọwọ́ mi ló wà. Láti ọdún tó kọjá. Mo rò pé wọ́n ní ẹ̀dà kejì, bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀ wọn nìyẹn. Ẹ sì ti gbọ́ ohun tí Ọmọ Mọ́kọ́lá sọ nípa orí kẹrin. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fa ìwé yẹn ya, kò sí lọ́jà mọ́.

Àǹtí Bódìjà: Háà! Ẹ wá fẹ́ fẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ sùn?

Bàbá Ìwé: Ẹ rọra, àǹtí. Mà, ìbẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí Reserve fi wà nìyẹn: kàǹtà ni ìwé máa wà, ẹni tó bá gbà á á fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sì ṣírò ẹ̀: ọmọ 140, wákàtí méjì méjì lórí ẹ̀dà kan, wákàtí 280 nìyẹn. Bí láíbìrì bá ń ṣí fún wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́, ọjọ́ 28 ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò gbà á. Ẹ mú orí kan péré tí ìdánwò dá lé nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè gba ẹ̀dà orí yẹn sí Reserve pẹ̀lú.

Ìyá Tọ́lá: Orí kẹta nínú ọ̀kan, orí keje nínú èkejì. Mo ti kó àwọn méjèèjì sínú báàgì. Aago mẹ́jọ ni mo máa dé ibẹ̀ lọ́la. Sà, ṣé wọ́n máa gba owó ìtanràn gbogbo ọdún yẹn lọ́wọ́ mi?

Bàbá Ìwé: Ẹ bi ọmọkùnrin yẹn. Ẹ kọ́kọ́ kí i.