Ta ló rán an? Ọ̀rọ̀ lórí "ìjábọ̀ àfínnúfíndọ̀ṣe"

Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ orúkọ tí a ń wá yìí tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti ń kà á tí mo ń pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀gbọ́n wa ní Ọ̀yọ́ kọ lálẹ́ àná, bí mo ṣe kà á tán ni oorun dá lójú mi.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan ń ṣe ìwé pélébé fún àwọn onílé-iṣẹ́ agbègbè wa, àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn tó ń lọ gbágùúdá, àwọn olómi inú ọ̀rá. Ó fẹ́ ṣàlàyé fún wọn bí àwọn iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ṣe ń fúnra wọn ka iye afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé móoru tí wọ́n ń tú síta, tí wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ìjọba, láìjẹ́ pé òfin fi dandan lé e. Ó ní kí a bá òun wá orúkọ tí yóò wà lókè ojú ìwé. Ẹ̀gbọ́n ní "ìjábọ̀ àfínnúfíndọ̀ṣe nípa èéfín ilé-ewé", ilé-ewé ni wọ́n fi túmọ̀ "greenhouse" Òyìnbó. Èèyàn mẹ́rin ti pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́ o.

N ó padà sí ilé-ewé. Jábọ̀ ni ìjà mi.

Jẹ́ àbọ̀. Kí ni àbọ̀? Ẹ má wulẹ̀ ṣí ìwé, ẹnu ara yín ni kí ẹ fetí sí. Ẹni tó ti oko dé, "ẹ kú àbọ̀". Àlejò tó yọ lẹ́nu ọ̀nà, "káàbọ̀". Bọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹni tó sì ti lọ ló ń bọ̀. Ohun tí ẹni tí a rán níṣẹ́ bá gbé padà wá fún ẹni tó rán an, òun ni àbọ̀. Ìyá bàbá mi ń ta ẹ̀kọ ní ọjà Àràdá. Bí màmá bá rán mi sí oníyọ̀, tí mo dé tí mo dúró bí òpó, kì í kọ́kọ́ bèèrè iyọ̀. "Àbọ̀ ńkọ́?" ni wọn ó wí. N ó dọ̀bálẹ̀, n ó ní, "Wọ́n ní ẹ kú ọjà, wọ́n ní iyọ̀ ti fi kọ́bọ̀ méjì lé," kí n tó na iyọ̀ sí wọn. Lọ́jọ́ kan, wọn ò rán mi níbì kankan, mo ti ẹ̀yìnkùlé oníyọ̀ kọjá, mo wá ń sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ fún wọn láìsinmi. Wọn ò tíì gbé ojú sókè. Ewé eéran tí wọ́n fẹ́ fi pọ́n ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ wọn, omi ń kán lára rẹ̀, òun ni wọ́n fi gbá mi lẹ́nu. "Ta ló rán ọ?"

Ẹ̀kọ́ gírámà tí mo gbà nìyẹn, mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ni ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba. Bí ìlàrí kan bá dédé jáde láàfin láìjẹ́ pé Aláàfin rán an, tó wá padà wọlé tó ń sọ ohun tó rí ní Ìsẹ́yìn, ṣé àbọ̀ ló jẹ́ yẹn? Ẹ ní àwọn oníròyìn orí rédíò ń jábọ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀gá wọn ló rán wọn! Ẹni tí wọn ò rán lọ sí ibi ìpàdé gómìnà, wọn kì í jẹ́ kó wọlé, kò ní àbọ̀ kankan láti jẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká wo nǹkan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe gan-an, nítorí ó jọ pé a ti ń sọ orúkọ ọmọ láìwo ojú ọmọ. Òfin agbára iná àti epo (Energy Policy Act) tí wọ́n ṣe ní 1992 ló dá a sílẹ̀, abala 1605, ẹsẹ b. Iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń kó iye epo, iná àti èédú ilẹ̀ jọ, Energy Information Administration, ni wọ́n ní kó máa gba ìwé náà. Ní 1995 ni àwọn ìwé àkọ́kọ́ wọlé, ti iṣẹ́ ọdún 1994. Fọ́ọ̀mù gígùn wà, kúkúrú náà wà. Àwọn iléeṣẹ́ mànàmáná ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Ẹni tó bá wù ú lè kọ ti gbogbo iléeṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì wù ú lè mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó yọrí sí dáadáa, igi tó gbìn tàbí ẹ̀rọ ògbólógbòó tó pààrọ̀, kó kọ èyíinì nìkan, kí ìyókù wà ní ìyẹ̀wù. Ṣé ẹ ti rí i? Ààbọ̀ ni wọ́n ń jẹ́, kì í ṣe àbọ̀. (Ẹ dárí jì mí, ó ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ Túsìdeè.) Nígbà tó di 2011 tí owó ìnáwó iléeṣẹ́ yẹn dínkù, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ta ni yóò bèèrè pé "àbọ̀ ńkọ́"? Kò sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́.

Kó tó di ìgbà yẹn, iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn, EPA, tó ń rí sí àyíká, ti gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní 2009 fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, àwọn tó ń tú tó tọ́ọ̀nù 25,000 síta lọ́dún: ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ìyẹn ni ìjábọ̀! Tiwa náà ńkọ́? Òfin ìyípadà ojú-ọjọ́ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá 2021 ní iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 sókè gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan tí yóò máa kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Òfin ti rán wọn, wọn ó jábọ̀. Bí àbúrò bá wá kọ "ìjábọ̀" sórí méjèèjì, oníbúrẹ́dì olóṣìṣẹ́ méjìlá á máa sá kiri pé ọlọ́pàá ń bọ̀, olómi inú ọ̀rá tó ní ọgọ́ta èèyàn á sì ju ìwé sílẹ̀ pé ẹni tó bá fínnú fíndọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa kó wọn sí i.

Ọ̀rọ̀ tèmi: ìsọláìbi. A ò bi í, ó sọ. Bi ni o, ohùn àárín, bí a ti ń bi èèyàn ní ìbéèrè. Ẹ má fi àmì òkè lé e lórí, ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí kọ́ là ń sọ.

Ó ku ilé-ewé. Ẹ gbà mí. Ta ló ti wọ ilé-ewé rí tí ooru mú un? Àtíbàbà tí àgbẹ̀ fi ewé bò ní àárín oko, ibẹ̀ là ń sá sí nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí. Ilé tí àwọn òyìnbó ń sọ, ilé gíláàsì tàbí ilé ọ̀rá ni, tí wọ́n ń gbin tòmátì sí, tí oòrùn ń wọlé sí, tí ooru ò sì rí ọ̀nà jáde. Inú rẹ̀ ń móoru ni. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ amóoru. Ẹni tó sọ "amáyégbóná" gbìyànjú, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ fún mi ní Tákíè pé ayé gbóná, ilé ni n ó sá lọ, n ò ní wo ojú ọ̀run.

Èéfín náà kò bọ́ sí i. Ẹ bá mi ká lọ sí ọ̀nà Ìgbẹ́tì, níbi tí wọ́n ti ń sun èédú. Wọ́n á to igi áyìn jọ, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á fi iyẹ̀pẹ̀ dí i, wọ́n á tiná bọ ìdí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èéfín funfun ki bí òwú, omi inú igi ló ń jáde. Bó bá yá, èéfín á fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí aró tó ti ṣá. Asunèédú ò ní wo aago, àwọ̀ yẹn ló ń wò láti mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kó jinná. Ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tó ń jáde níbẹ̀, ojú ò rí i. Mẹ́tééni, afẹ́fẹ́ mìíràn, náà ń jáde, ojú ò rí òun náà, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n kan náà tirẹ̀ ń mú ayé móoru ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 25 láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ wá ń pe ohun tí ojú ò rí ní èéfín, èyí tó ń ta ni lójú!

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ kẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ pé "ẹni tí wọ́n bí sí Ọ̀yọ́ ló mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó". Kí Àtìbà tó sọ Àgọ́ di Ọ̀yọ́ ni Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà. Òṣoògùn ni wọ́n bí Crowther sí. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni Bowen, oníwàásù ará Amẹ́ríkà, wá tẹ̀dó sí ní 1855, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe jáde ní Washington. Ṣé àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ ní ìlú wa yadi ni?

Láti Ọ̀yọ́

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi ewé eéran. Ẹnu yẹn ni ìyá àgbà gbá, wọn ò gbá gírámà.

Ìwọ ní ẹni tí a rán níṣẹ́ ló ń jábọ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ní ẹlòmíràn ni yóò ránni? Ẹni tó rán ara rẹ̀ lọ sóko láti wo bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń ta, tó dé tó sọ fún ìyàwó rẹ̀, kí lo máa pe ìyẹn?

Wá gbọ́, ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé fọ́ọ̀mù gígùn wà, kúkúrú wà. Fọ́ọ̀mù kí ni? Ìbéèrè ni fọ́ọ̀mù! Orúkọ rẹ ńkọ́, epo mélòó lo sun, ọdún wo? Ẹni tó tẹ ìbéèrè sórí bébà tó ní ẹni tó bá wù kó dáhùn ti bi ọ́. "Ìsọláìbí" rẹ ti ya láti ìdí. Olófòófó sì ni a ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bú níbí. Iléeṣẹ́ wo ni yóò fẹ́ kí wọ́n kọ olófòófó sókè orúkọ òun?

Lórí Àgọ́ d'Ọ̀yọ́, mi ò ní dá ọ lóhùn nínú lẹ́tà. Ọjọ́ tí a bá pàdé ní Akẹ̀sán.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Fọ́ọ̀mù ni ìbéèrè. Ẹ mú mi níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n, n ó lọ rò ó. Ti ẹ̀gẹ́ yẹn, sísọ ni mo máa pè é, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, kò jẹ́ àbọ̀ fún un, àfi bó bá jẹ́ ìyàwó ló rán an, ìyẹn sì ń ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tún fi àmì òkè lé bi. Mo ti sọ ọ́ kí ẹ tó ṣe é.

Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó bèèrè

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé ti wọ ilé ìtẹ̀wé láàárọ̀ yìí, wọn ò lè dúró mọ́. Fún ti Amẹ́ríkà àtijọ́ mo kọ "ìròyìn àtinúwá", fún òfin tiwa ti 2021 mo kọ "ìjábọ̀ dandan". Mo lo afẹ́fẹ́ amóoru. Mo kà á fún ìyá kan tó ń lọ gbágùúdá, wọ́n ní, "Ṣé bíi ti inú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ sínú oòrùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láti Ọ̀yọ́

Ìròhìn ni. H dà?