Ọmọ kan kọ ọ̀rọ̀ sí etí ìwé ìbéèrè mi lórí àìbalẹ̀ ọkàn: kí ni kí n ṣe?

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ọ̀rọ̀ náà kò sì gba ìjáfara.

Mo ń ṣe ìwádìí oyè másítà lórí àìbalẹ̀ ọkàn láàárín àwọn ọ̀dọ́langba tó wà ní ọdún ìparí ilé-ẹ̀kọ́ girama àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. GAD-7 ni mo lò, ìyẹn ìwé oníbéèrè méje tí Robert Spitzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2006. Ó ń béèrè bí àwọn nǹkan méje kan ṣe ń yọ ènìyàn lẹ́nu sí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba máàkì láti 0 dé 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì lè ju 21 lọ. Ẹni tó bá ní 10 sókè ni wọ́n ní kí a yẹ̀ wò dáadáa. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fúnra mi, mo pín in ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, mo sì ṣèlérí fún gbogbo wọn pé n kò ní béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní alẹ́ àná, níbi tí mo ti ń ro máàkì pọ̀, mo kan ìwé kan láti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tó kọ ọ́ mú 3 ní ìlà méjèèje, ó sì fi bírò yí 3 tó gbẹ̀yìn ká léraléra títí bébà fi lu. Ìbéèrè keje náà ló ń béèrè bóyá ẹ̀rù ń ba ènìyàn bí ẹni pé ohun búburú kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ó fa igi sórí "bí ẹni pé", ó wá kọ ọ́ sí etí ìwé pé: "Kì í ṣe bí ẹni pé. Ó ń bọ̀." Láti ìgbà tí mo ti kà á ni n kò ti lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Kíláàsì tí ìwé náà ti wá nìkan ni mo mọ̀. Bí mo bá fẹ́, mo lè fi ọwọ́ ìkọ̀wé wá ẹni náà, ṣùgbọ́n ìlérí tí mo ṣe ńkọ́? Bí mo bá sì dákẹ́ ńkọ́? Ìbéèrè kejì kéré sí èyí: olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ mi fẹ́ kí n kọ ọ́ pé gbogbo ẹni tó ní 10 sókè "ní àrùn àìbalẹ̀ ọkàn", ara mi kò sì gbà á.

Olùkọ́ Girama

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sí ọmọ tí àyà rẹ̀ kì í já. Bí ó bá parí, ẹ̀rín á padà sẹ́nu wọn. Má jẹ́ kí gbólóhùn kan gba oorun lójú rẹ, àbúrò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, n kò fara mọ́ èyí. Òótọ́ ni pé ìpáyà ìdánwò wà, tó sì máa ń lọ. Ó ti pẹ́ tí Charles Spielberger, onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn, ti ya àìbalẹ̀ ọkàn tí ohun tó wà nílẹ̀ lásìkò náà fà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti mọ́ ènìyàn lára, tí ó sì ya ogún ìbéèrè sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìdánwò ń bà lẹ́rù àti ọmọ tí kò tíì sùn dáadáa láti oṣù mẹ́ta lè mú nọ́ńbà kan náà, kò sì sí ẹni tó lè jókòó sílé kó fi ojú bébà mọ ìyàtọ̀ wọn.

Àbúrò mi, má ṣe fi ọwọ́ ìkọ̀wé wá a. Bí o bá pe ọmọ kan jáde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo kíláàsì ni yóò mọ̀ pé irọ́ ni ìlérí rẹ, wọn kò sì ní sọ òótọ́ fún olùwádìí mìíràn mọ́. Kọ́kọ́ fi tó ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí rẹ létí lónìí, má jẹ́ kó di ọ̀la. Lẹ́yìn náà, ìwọ àti ẹni tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ni kí ẹ jọ padà sí kíláàsì yẹn, kí ẹ sọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà fún gbogbo wọn láìtọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá wá, kí onítọ̀hún bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn.

Ẹ sọ fún wọn pé ìtọ́jú wà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní New England Journal of Medicine ní ọdún 2008, ọmọ 488 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 7 sí 17 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin. CBT, ìtọ́jú tó ń fi ọ̀rọ̀ àti ìdánrawò kọ́ ọmọ láti dojú kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, mú ara bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún yá gan-an. Nínú àwọn tó gba òun àti oògùn sertraline papọ̀, ara bí 81 nínú ọgọ́rùn-ún ló yá bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ bí 24 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba oògùn tí kò ní agbára kankan nínú.

Nígbà tí o bá tún ṣe irú ìwádìí yìí, fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí àkójọ orúkọ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí o sì ti sọ fún àwọn ọmọ àti òbí wọn ṣáájú pé bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu, a óò ṣí i.

Oníṣirò

Ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ dáhùn, n kò sì rò pé ó kéré. Ṣíṣà ni ìwé yìí ń ṣà, kì í sọ àrùn. Nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Spitzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, nígbà tí wọ́n fi ààlà sí 10, ìwé náà mú 89 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní àrùn náà, ó sì fi 82 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ní in sílẹ̀. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n: ká ní ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ni, tí 50 nínú wọn ní àrùn náà. Ìwé yóò mú bí 45 nínú àwọn 50 yẹn, yóò sì tún mú 171 nínú àwọn 950 tí kò ní nǹkan kan. Nínú 216 tó ní 10 sókè, díẹ̀ ló fi lé ní ìdá kan nínú márùn-ún tó ní àrùn.

Ohun tó sì fà á nìyẹn tí nọ́ńbà inú ìwé oríṣiríṣi fi ń ta kora. Ní 2021, Nicole Racine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa ìwádìí 29 pọ̀ lórí ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó lé ní 80,000 nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, wọ́n sì rí àmì àìbalẹ̀ ọkàn tó ga lára 20.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmì ni wọ́n kọ, wọn kò kọ àrùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó ń sọ ti àrùn gan-an, fojú bù ú sí bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 19. Ẹ kọ "ní àmì tó tó kí a yẹ̀ wọ́n wò", kí ẹ sì sọ ọ́ kedere pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò ni ẹ pín ìwé.

Ògbufọ̀

Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ lò fún "anxious" ní ìlà kìíní?

Olùbéèrè

"Àníyàn" ni mo lò, ẹ̀gbọ́n.

Ògbufọ̀

Ohun tí mo bẹ̀rù nìyẹn. Òbí tó ń ṣàníyàn ọmọ rẹ̀ kò ṣàìsàn. Ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá ń ṣe kì í sọ pé òun ní àníyàn. Yóò ní àyà òun ń já, ara òun kò lélẹ̀. Ẹ wá ẹni tí kò rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà rí, kó tú tiyín padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi wé ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró. Ọmọ yẹn ló kàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta

Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, mo sì kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá mi kàn. Mo kàn fẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan kà á. Wọ́n kó ìwé náà lọ, n kò sì gbọ́ nǹkan kan títí di òní.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fi tó ìgbìmọ̀ létí láàárọ̀ yìí, olùgbaninímọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ti gbà láti bá mi lọ lọ́la. Mo ti pa "ní àrùn" rẹ́ nínú orí kẹrin, ìṣirò yẹn ni n óò sì fi han olùkọ́ mi. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ láti sọ ní kíláàsì nìyí: "Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ìṣòro àìbalẹ̀ ọkàn, kó wá rí wa lẹ́yìn kíláàsì." Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Kò tíì dára, àbúrò mi. Kò sí ọmọ tí yóò dìde lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí "ìṣòro". Sọ ohun tí ara mọ̀: pé bí oorun kò bá kun ojú rẹ, bí àyà rẹ bá ń já láìnídìí, tàbí tí ó dá ọ lójú pé ohun búburú ń bọ̀ tí o kò sì lè dá a dúró, ẹni báyìí wà níbi báyìí ní aago báyìí, o sì lè kọ̀wé ránṣẹ́ sí i. Fún gbogbo wọn ní bébà tí a kọ ọ́ sí, kí ó má baà hàn pé ẹnì kan ló nílò rẹ̀. Kí o sì sọ fún wọn pé o ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ, títí kan èyí tí wọ́n kọ sí etí ìwé.